Òróró Agbáyun àti Ojú Kẹ́hìndé

Ẹ̀yin tí ẹ ra òróró agbáyun lọ́wọ́ mi ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Ádó, tí ẹ sì bá mi sunkún nígbà tí mo ní ìkejì mi ti lọ, ẹ dákun, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ gbọ́. Kẹ́hìndé mi kò kú. Kò fìgbà kan kú. Èmi Táyé ni mo fi ẹnu ara mi pa á, mo sì ti ru òkú aláàyè náà kiri títí ó fi wọ̀ mí lọ́rùn. Bí mo bá tún dákẹ́ lónìí, a jẹ́ pé mo ti sin ín nìyẹn.

Ijan la ti dàgbà, lọ́dọ̀ Màmá àgbà, ìyá tó bí màmá wa. Igi agbáyun wà lẹ́yìn ilé. Bí a bá ti lá èso pupa kéékèèké náà tán, a ó gé ọsàn wẹ́wẹ́ tó kan, a ó sì máa jẹ ẹ́ bí ẹni ń lá oyin. Àwọn ẹlòmíràn a máa tu kóró rẹ̀ nù, Màmá àgbà kì í tu tirẹ̀ nù. Á sá a, á pa á, á gún un, á sì fún òróró inú rẹ̀ jáde. Òróró náà dára, n kò purọ́ níbẹ̀. Ọyẹ́ kò lè sọ ara ẹni tó bá ń fi í para di funfun. Gìgísẹ̀ tó là a máa rọ̀, irun kì í já bọ̀rọ̀, awọ ara a sì máa dán láìbó. Ṣùgbọ́n kì í wo irorẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí nígbà tí Màmá àgbà ti darúgbó, Kẹ́hìndé ló ń fún òróró náà. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju tèmi lọ, síbẹ̀ irorẹ́ ti bo ojú rẹ̀ láti ìgbà tí a ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ojú tèmi mọ́ láìfi nǹkan kan sí i. Bí Ọlọ́run ṣe pín in nìyẹn.

Dùnsìn, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ gba ṣọ́ọ̀bù, ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní ọjà wa kò tà nítorí pé kò sí ohun tí ojú oníbàárà lè rí. Ó ní, "Táyé, ojú méjì ni Ọlọ́run fún ẹ, o wá jókòó ti ọ̀kan." N kò lè di ẹ̀bi rù ú. Òun ló sọ ọ́, èmi ni mo ṣe é. Mo lọ sí Ijan, mo sọ fún Kẹ́hìndé pé dókítà awọ ara kan wà l'Ádó tó fẹ́ wo ojú rẹ̀ nínú fọ́tò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lọ bọ́jú. Ó jókòó sídìí fèrèsé, ó sì bi mí pé ṣé kí òun rẹ́rìn-ín. Mo ní rárá, dókítà kò fẹ́ ẹ̀rín. Ó pa ẹnu dé bí ọmọ tí wọ́n bá wí.

Bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ sórí bánà nìyẹn, ojú rẹ̀ lápá òsì, tèmi lápá ọ̀tún: Táyé kó tó lo òróró agbáyun, Táyé lẹ́yìn tó lò ó. Ọjà tà. Bí Kẹ́hìndé bá pè mí, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni ohun tí dókítà wí. Mo máa ní ó ṣì ń wò ó. Ó ní kí òun wá bá mi tajà, mo ní ṣọ́ọ̀bù há. Ẹ ò rí ìwà ìkà? Ọwọ́ rẹ̀ ló ń fún òróró ránṣẹ́ sí mi, mo sì ń fi ojú rẹ̀ dẹ́rù ba àwọn èèyàn kí wọ́n lè rà á.

Ṣùgbọ́n èmi tí mo gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, mo gbàgbé orúkọ mi. Ta ni yóò pe Táyé tí kò ní béèrè Kẹ́hìndé? Alhaja Kúdírát, ará Ìsẹ́yìn tó ń ta aṣọ ní Fájuyì, wá ra òróró fún ọmọ rẹ̀. Ó wo bánà, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Táyé, Kẹ́hìndé ń kọ́? Mú un wá ká wò ó, bóyá ẹ jọra." Dùnsìn fi ìgúnpá gún mi. Mo lè ní ó wà l'Ókè Òkun, ṣùgbọ́n ahọ́n mi kò gba ibẹ̀. Mo ní, "Alhaja, ó ti fi mí sílẹ̀." Ẹkún tí mo sun tẹ̀lé e, ẹkún gidi ni, n kò mọ ibi tó ti wá. Alhaja gbá mi mọ́ra. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó se ẹ̀wà, ó fi ṣe sàráà fún àwọn ọmọdé àdúgbò, nítorí ẹ̀wà ni oúnjẹ ìbejì. Ó bu tèmi wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì dúró tì mí pé kí n jẹ ẹ́ nítorí ìkejì mi. Mo jẹ ẹ́. Fóònù ń dún nínú àpò mi. Kẹ́hìndé ló ń pè, èmi sì ń jẹ ẹ̀wà òkú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ibẹ̀ ni mo burú jù.

Lọ́jọ́ kan, ara ọlọ́kadà tó máa ń gbé òróró wá kò yá. Kẹ́hìndé gbé kẹ́ẹ̀gì, ó wọkọ̀ fúnra rẹ̀. Alhaja ló rò ó fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní ọmọbìnrin kan sọ̀ ní Fájuyì, ó yà wá béèrè ọ̀nà Adébáyọ̀. Òun gbójú sókè, òun rí i pé ojú inú bánà ni ọmọ náà ní, aṣọ tí òun ń wọ̀n bọ́ lọ́wọ́ òun, òun sì ń fẹ̀yìn rìn. Kẹ́hìndé rò pé irorẹ́ òun ló ba ìyá náà lẹ́rù. Ó fa ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Kì í ràn." Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá Alhaja dúró, torí kò tíì rí òkú tí ń tọrọ àforíjì nítorí ojú rẹ̀. Ó béèrè orúkọ rẹ̀, ó gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mú un wá bá mi.

Kẹ́hìndé dúró níwájú bánà, ó wò ó pẹ́. Alhaja rọra bi mí pé ta ni òun se ẹ̀wà fún. Kẹ́hìndé ní ẹ̀wà wo, Alhaja sì sọ gbogbo rẹ̀. Ìkejì mi kò bú mi. Ó ní, "Ìdí tí o fi ní kí n má rẹ́rìn-ín nìyí." Ó gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ Alhaja, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. "Àwọn tí o sọ fún pé mo kú, sọ fún wọn pé mo wà. Mò ń lọ ulé."

Mo ti já bánà náà wálẹ̀. Mo ti lọ sí Ijan, mo kúnlẹ̀ fún un, nítorí Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló rán mi ṣáájú láti tọ́ ayé wò, mo sì jẹ́ ìránṣẹ́ búburú. Kò lé mi, ṣùgbọ́n kò ní kí n dìde. Mo ní kí a lọ rí dókítà gidi, ó ní ó dìgbà tí mo bá jíṣẹ́ tí òun rán mi. Iṣẹ́ náà ni mo ń jẹ́ yìí. Alhaja, ẹ foríjì mí nítorí ẹ̀wà yín. Ẹ̀yin tí ẹ ra òróró nítorí irorẹ́, ẹ wá gba owó yín. Ẹ̀yin tí ẹ rà á nítorí ọyẹ́, ẹ máa fi para, ohun rere ni. Ẹ̀yin ọmọge ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń tajà, ẹ rántí pé agbáyun kì í sọ ọsàn wẹ́wẹ́ di oyin. Ahọ́n ló ń tàn, bó bá pẹ́ díẹ̀, kíkan á padà. Ohun kan ni mo tọrọ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bí ẹ bá tún gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, ẹ bi mí bí ẹ ṣe ń bi mí tẹ́lẹ̀ pé Kẹ́hìndé ń kọ́. Màá ní ó wà ní Ijan, ó wà láàyè, ọwọ́ rẹ̀ ló fún òróró tó wà lára yín.