Páànù Iwájú Ilé

Ìṣó ni mo fẹ́ rà lọ́jà Ágbálátà lọ́jọ́ náà, tí mo fi bá ìyá àgbà kan níwájú ìsọ̀, òun àti káfíńtà tó fẹ́ bá a kan òrùlé tuntun sílé rẹ̀.

"Màmá, páànù tó yọ síta níwájú ilé yín ni atẹ́gùn òkun kó sí lábẹ́ tó fi ṣí gbogbo òrùlé lọ. Ẹ jẹ́ kí n gé e kúrò lára tuntun yìí. Màá fi irin de igi òrùlé mọ́ ògiri, kò ní ṣí mọ́."

"Fi irin dè é, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má gé iwájú."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Bàbá àwọn ọmọ mi ni. Abẹ́ ibẹ̀ la sin wọ́n sí. Tó o bá gé e, òjò á máa pa wọ́n."

Òjò á máa pa wọ́n. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ ló ṣe sọ ọ́.

"Màmá, Bàbá ti lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ́ kù ni mò ń rò."

"Mo mọ̀ pé wọ́n ti lọ. Lọ́jọ́ tí òrùlé ṣí, àwọn ọmọ ń gbọ́n omi nínú yàrá mi. Èmi wà níta, mo di agboòrùn mú lé bàbá wọn lórí títí òjò fi dá."