Wọ́n Rán Mi sí Ọkọ Mi, N Kò Jẹ́ Iṣẹ́ Náà

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìdajì ọ̀rọ̀ mi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Mo ti di ìyá àgbà, mi ò ní agbára èpè mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò sọ ọ́ fún pásítọ̀ mi rí. N kò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi títí ó fi kú. Ọkọ mi ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Gbogbo ayé rò pé onílẹ̀ wa ló jù ú sílẹ̀. Irọ́ ni. Èmi ni.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni ọmọ ọmọ mi, Fúnmi. Ó mú ọkùnrin wá sílé. Ọmọ náà mẹ́sẹ̀ dúró, ó níwà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dárúkọ ilé bàbá rẹ̀, ọkọ mi dìde nílẹ̀, ó ní òun kò ní í bá ilé yẹn dána láé. Ọmọ ọmọ onílẹ̀ wa ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró nígbà náà. Owó epo ti dé, gbogbo ènìyàn ń kọ́lé, wọ́n sì ń wá pákó. Bí ẹ bá dúró ní ìkóríta Ọ̀rẹ̀, ọkọ̀ agbégẹdú ni ẹ máa rí tí wọ́n ń to tẹ̀lé ara wọn lọ sí Èkó. Òkè-Ògùn ni èmi àti ọkọ mi ti wá. Oko kòkó la wá dá lẹ́bàá Agbabu, lórí ilẹ̀ Bàbá kan tó jẹ́ Ìkálẹ̀. Bàbá Onílẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ rí mọ ohun tí à ń pè ní ìṣákọ́lẹ̀. Lọ́dọọdún, àlejò á gbé iṣu, á gbé epo, á mú àkùkọ kan dání, á lọ kí onílẹ̀. Kì í ṣe pé ebi iṣu ló ń pa onílẹ̀. Ẹ̀ ń sọ fún un pé ẹ ò tíì gbàgbé ẹni tó ni ilẹ̀ ni. Òun náà, bí wàhálà bá dé, á jáde, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, àlejò mi ni."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọkọ mi kò lọ. Ìyàwó ló ń gbé lọ́wọ́.

Dúpẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ago Alaye ni, ó ń ta búrẹ́dì fún àwọn èrò ọkọ̀ ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀. Ó pupa, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà gogoro ló ń wọ̀. Ọkọ mi kò mú un wá sóko. Ó gba yàrá fún un ní Ọ̀rẹ̀. Ó ní ẹ̀fọn oko á ba ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ gbọ́ o! Èmi tí ẹ̀fọn oko ti jẹ títí tí a fi di ẹbí, ara tèmi kì í ṣe ara!

Ọdún yẹn kan náà ni ọkọ mi ta igi ọ̀gànwó kan ní ìpẹ̀kun oko wa fún àwọn agégẹdú. Wọn ò tíì gbé igi náà kúrò nílẹ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba fi dé. Wọ́n ní inú igbó ìjọba ni igi náà wà. Ọkọ mi ní kò sí níbẹ̀. Ààlà wà lóòótọ́. Pèrègún ni bàbá Bàbá Onílẹ̀ gbìn síbẹ̀ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n igbó ti bo òmíràn, òmíràn ti kú. Bàbá Onílẹ̀ nìkan ló lè fi ẹsẹ̀ rìn ín kó sọ pé ibí ni, ibí ni.

Ọkọ mi lọ bá a. Bàbá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ta nìyí? Àwọn àlejò tèmi, mo máa ń rí wọn lásìkò ìṣákọ́lẹ̀."

Ọkọ mi fi ìbínú bọ̀. Ọkùnrin agídí ni. Ó ní òun kò ní í tọrọ ẹnu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹjọ́ dé kóòtù. Ẹnì kan ṣe onídùúró fún un, wọ́n jẹ́ kó máa ti ilé lọ. Nígbà tó yá, adájọ́ ní òun ti gbọ́ tó. Ó ní bí onílẹ̀ bá wà tó lè jẹ́rìí ààlà, kó wá lọ́la, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á dájọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni. Wọ́n ti rán àwọn mìíràn lọ nítorí igi tí kò tó tiwa.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ku ọjọ́ kan ṣoṣo fún ọkọ mi nílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò mi. Èrò mi ni pé a jọ máa lo ọjọ́ náà ni. Mo ti pa adìyẹ kan láàárọ̀ kùtù. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní kí n tẹ̀lé òun lọ sóko. Gbogbo bí a ṣe ń rìn, iṣẹ́ ló ń kà fún mi. Ibi tí kòkó á kọ́kọ́ pọ́n nìyí. Iṣu tí mo gbọ́dọ̀ tètè wà nìyí. Má jẹ́ kí lébìrà rẹ́ ọ jẹ. Kò bú mi, kò nà mí. Bí ọ̀gá ṣe ń bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ ló ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń retí kó bi mí léèrè pé, "Ìwọ ńkọ́, Ìyá Ṣadé, báwo lo ṣe máa ṣe é?" Kò bi mí.

A délé. Ó wẹ̀. Ó wọ aṣọ. Ó ní, "Ìyá Ṣadé, ọbẹ̀ adìyẹ yẹn, bù ú sínú abọ́ tó ní ìdérí fún mi. Kó tó ẹni méjì jẹ. Ọ̀dọ̀ Dúpẹ́ ni mo ti máa jẹun."

Mo bù ú. Ọwọ́ mi yìí ló bù ú. Mo tún fi aṣọ dì í kí ọbẹ̀ má baà dà sí i lára.

Kò pẹ́ tó lọ ni ìyàwó Bàbá Onílẹ̀ dé, Ìyá Rótìmí. Òun ló kéré jù nínú àwọn ìyàwó Bàbá, a sì mọwọ́ ara wa. Eré ló sá wá, ó ń mí hẹlẹ. Ìkálẹ̀ ló ń sọ, ó ń yára, àmọ́ mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Ṣadé, ọkọ rẹ dà? Bàbá ti rọ̀ o! Ó ní kó wá kí oòrùn tó wọ̀. Kó mú obì dání, obì lásán. Kó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn àbúrò Bàbá, kó ní òun jẹ̀bi ìṣákọ́lẹ̀. Bí kò bá wá fúnra rẹ̀, àwọn yẹn á ní Bàbá ń gbé ilẹ̀ ẹbí fún àlejò. Bó bá ti wá, ó parí. Bàbá á tẹ̀lé e lọ sí kóòtù lọ́la."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo ní, "Mo gbọ́, mà. Màá jẹ́ iṣẹ́ náà báyìí-báyìí."

Ẹ gbà mí gbọ́, ó wà lọ́kàn mi láti jẹ́ ẹ. Mo ró ìró mi dáadáa, mo mú obì dání fún un, mo wọ ọkọ̀ agbégẹdú kan dé Ọ̀rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń gbàdúrà. Mo dé ilé tí Dúpẹ́ ń gbé. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí díẹ̀, kọ́tìnì ló wà lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ kan ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ohùn kan. Mo yọjú.

Ọkọ mi ń sunkún. Ó gbé orí lé itan Dúpẹ́, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ó ń sọ fún un pé ẹ̀rù ń ba òun. Ọmọdébìnrin yẹn ń fi ọwọ́ pa á lórí, abọ́ ọbẹ̀ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹnikẹ́ni kò ṣí i.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí èyí yé yín. Ká ní mo bá wọn lórí ara wọn, kò ní í dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ ọkùnrin yìí ní òṣì. Nígbà tí àkọ́bí wa kú, èmi nìkan ni mo sunkún, òun lọ gbẹ́ ilẹ̀. N kò rí omijé rẹ̀ rí. Mo rò pé kò ní in ni. Àṣé ó ní in. Ó ń tọ́jú rẹ̀ de ẹlòmíràn ni.

Ìjà tí àwọn sójà jà ní Ọ̀rẹ̀ nígbà ogun kò tó èyí tí inú mi jà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Mo yí padà. N kò kan ilẹ̀kùn. Mo ń rìn lọ sí gáréèjì, mo ń sọ fún ara mi pé, "Kó máa lọ. Kí èmi má ní in, kí ìwọ Dúpẹ́ náà má ní in." Mo jókòó síbẹ̀, mo jẹ obì náà tán. Oòrùn wọ̀ lójú mi.

Lọ́jọ́ kejì ní kóòtù, ẹnu ọ̀nà ni ọkọ mi ń wò. Agídí rẹ̀ ti tán. Bí ẹnikẹ́ni bá ti wọlé, á na ọrùn. Dúpẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ojú tó wú. Mo ṣì lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Mo ṣì lè pariwo pé kí wọ́n dúró, kí n lọ pe Bàbá wá. Mo wo ojú Dúpẹ́, mo pa ẹnu mi dé.

Nígbà tí wọ́n ń mú un lọ, ó ní, "Ìyá Ṣadé, o rí i bí Bàbá Onílẹ̀ ṣe ṣe mí?" Mo ní kó fi í fún Ọlọ́run.

Ìyá Rótìmí wá bá mi nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lánàá títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ló dé tí ọkọ mi kò wá? Ẹ wo irọ́ tó bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Mo jẹ́ iṣẹ́ náà, mà. Ó ní òun kò ní í dọ̀bálẹ̀ fún ará oko kankan."

Irọ́ yẹn ló pa gbogbo nǹkan. Bàbá gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Mo kó àwọn ọmọ wá sí Òdìgbó, mo ń ta gààrí, mo ń gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ mi ní ẹ̀wọ̀n. Dúpẹ́ ń wá síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo sì ń fojú sọ fún un pé n kò fẹ́ ẹ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó fẹ́ ọkùnrin mìíràn. Inú mi dùn. N kò ní í purọ́ fún yín, inú mi dùn gan-an ni.

Ọkọ mi jáde, èmi nìkan ló bá. Láti ọjọ́ náà, èmi ló ń yìn ṣáá. Bí àlejò bá wá, bí àwọn ọmọ bá pé jọ, á ní, "Ẹ wo ìyá yín yìí. Ìgbà tí gbogbo ayé kọ̀ mí, òun kò kọ̀ mí." Dúpẹ́ ni ó fi ń ṣàpẹẹrẹ obìnrin burúkú. Nígbà tí Bàbá Onílẹ̀ kú, kò lọ síbi ìsìnkú. Ó ní Ọlọ́run ti dájọ́.

Ní báyìí, Fúnmi ń sunkún tọ̀sán-tòru. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Ìyá Rótìmí ṣì wà láàyè. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú, orí rẹ̀ sì pé. Ó ní bí wọ́n bá gbà, òun fúnra òun ni yóò wá síbi mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, òun fẹ́ bi ọkọ mi ní ìbéèrè kan kí òun tó kú.

Lánàá, ọkọ mi pè mí. Ó ní, "Ìyá Ṣadé, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí sú mi. Ìwọ lo jìyà ẹ̀wọ̀n yẹn pẹ̀lú mi. Bí o bá ní kí n gbà, màá gbà. Bí o bá ní kí n má gbà, ó parí nìyẹn." Ó ń retí èsì mi. Bí mo bá ní kó má gbà, àṣírí mi bò, Fúnmi sì pàdánù ọkọ rẹ̀ nítorí mi. Bí mo bá ní kó gbà, Ìyá Rótìmí ń bọ̀ wá sílé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí ni kí n ṣe? Kí n sọ ọ́ fún un kí obìnrin yẹn tó dé? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?

Ẹ má rò pé lílé ni mò ń bẹ̀rù. Arúgbó ni wá, níbo ló fẹ́ lé mi lọ? Ọkọ Dúpẹ́ ti kú. Òdìgbó níbí ni obìnrin náà ń gbé, kò jìnnà sí wa. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí mo bá jẹ́wọ́, ọkọ mi á dìde, á mú ọ̀pá rẹ̀, á sì lọ bẹ Dúpẹ́. Ẹ dárí jì mí. Mo gbìyànjú títí, n kò tíì lè fara dà á.