Ọjọ́ Tí Mo Pa Fóònù Láti Gbàdúrà fún Àwọn Oníbàárà Mi

Ìyá Ràfíà, obìnrin tó ń yan ẹja ní Makun-Omi, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó má baà dà bí ẹni pé ọgbọ́n orí mi ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ìtàn ara mi ni, èmi ni mo hùwà inú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹlòmíràn ló sọ ọ́ sí mi létí, lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí, lọ́jọ́ tí mo parí àwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó rán an sí mi. Mo sì dúpẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ pé ẹ̀mí tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò bọ́. Ẹ bá mi fi ògo fún Olúwa.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ mí. Ẹ mọ̀ pé pákó ni mò ń tà ní Japara láti ìgbà tí bàbá mi ti fà á lé mi lọ́wọ́. Gẹdú ń ti ọ̀nà Mamu wá, a ó là á ní ilé ìlagi, a ó tò ó kó gbẹ, oníbàárà á wá kó o. Àwọn tó ń kọ́ ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ l'Ágọ̀-Ìwòyè ń ra èyí tí wọ́n fi ń kan òrùlé. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ogun Waterside ń ra ìrókò. Nínú wọn, Alájì Músílíù ti Makun-Omi ni àgbà. Bàbá rẹ̀ ló ń ra pákó lọ́wọ́ bàbá mi. Mùsùlùmí ni, Aládùúrà lèmi, ṣùgbọ́n bí Iléyá bá dé, ẹran á ti Makun-Omi wọ ilé mi. Bí Kérésì bá dé, ìrẹsì tiwa náà á lọ. Ibi tí Alájì bá ti ra pákó ni gbogbo àwọn kanọkọ̀kanọkọ̀ etí omi ti ń rà á.

Wàyí o, àṣìṣe kan wà tí mo ń ṣe, ìwà mímọ́ ni mo sì pè é. Ẹ mọ bí àwa onípákó ṣe ń ṣe. Oníbàárà á pè wá, a ó ní pákó rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà, nígbà tó jẹ́ pé igi náà ṣì nàró nínú igbó, tí ẹyẹ ń kọrin lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí mo ṣe ìrìbọmi ni mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé n kò ní pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí pákó rẹ bá ti ṣe tán, n ó pè ọ́. Bí kò bá tíì ṣe tán, n kò ní gbé fóònù rẹ. Kí ni n ó sọ? Mo ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Fóònù á máa dún lórí tábìlì, èmi á máa wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ń sunkún tí kò ní ọmú fún un.

Bùkọ́lá, ọmọ mi obìnrin tó kàwé jáde l'Ágọ̀-Ìwòyè, tó ń bá mi bójú tó ọjà, á ní, "Dádì, ẹ gbé e. Ẹ sáà sọ fún wọn pé kò tíì jáde." Mo máa ń ní kó fi mí sílẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn kọ́lékọ́lé Àgọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn onípákó mìíràn. Pákó tiwọn kò gbẹ tó tèmi. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì ń lọ. Kí ni Aládùúrà á rò sí i? Mo ní ẹnìkan ti jókòó síbìkan tó ń dá àwọn èèyàn mi padà lójú ọ̀nà. Mo lọ bá Màmá, wòlíì wa, mo ní mo fẹ́ wọlé àwẹ̀ ọjọ́ méje lórí ilẹ̀ àánú, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí, kí Ọlọ́run fi ojú ẹni tó ń lé oníbàárà mi hàn mí.  Màmá bi mí bóyá mo ti sọ fún àwọn tó ń dúró dè mí. Mo ní àṣírí ni àwẹ̀, àárín èmi àti Ẹlẹ́dàá mi ni. Wọn kò bá mi jiyàn.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an, Alájì Músílíù ń retí ìrókò lọ́dọ̀ mi. Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń gbé àwọn èèyàn láti abúlé òdìkejì omi wá sí Makun-Omi. Ọkọ̀ ọ̀hún ti gbó, ó ti ń jò, ó sì fẹ́ kan tuntun. Ó fẹ́ tú ti àtijọ́ kó lè yọ ẹ́ńjìnnì àti àwọn egungun rẹ̀ tó ṣì dára. Mo ti sọ fún un pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni pákó máa dé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlagi já. Ìbàdàn la ti máa ra òmíràn, ẹ̀rọ náà kò sì ní ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo mọ̀. Ojú mi ló ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ sùtánà mi, mo pa fóònù, mo tì í mọ́nú àpótí. Mo ní kí Bùkọ́lá má ṣe sọ ibi tí mo wà fún ẹnikẹ́ni. Mo wá síbí.

Ọjọ́ méje ni mo fi gbàdúrà fún àwọn oníbàárà mi. Mo tan àbẹ́là, mo ka àwọn Sáàmù ìjà, mo ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú Ọlọ́run. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ni mò ń pe orúkọ Alájì Músílíù. N kò mọ̀ pé láwọn wákàtí yẹn, Alájì náà ń pè mí.

Lọ́jọ́ keje, nígbà tí mo jáde pẹ̀lú ara tó fúyẹ́, mo bá Ìyá Ràfíà lẹ́nu géètì; Bùkọ́lá ti sọ ibi tí mo wà fún un. Àbúrò Alájì ni. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ kalẹ̀ nítorí ó mọ̀ pé a kì í wọ̀ ọ́ níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọlé. Mo kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá Bùkọ́lá, Alájì ní kí n má wá. Mi ò wá jà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti kú ni."

Ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Alájì àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọkọ̀. Wọ́n pè mí, kò lọ. Àwọn kan ní kó dá ọwọ́ dúró. Alájì ní rárá, ẹni yìí kì í purọ́, bó bá ti ní Ìṣẹ́gun, Ìṣẹ́gun náà ni. Wọ́n dúró di Ọjọ́rú. Wọ́n dúró di Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Ràfíà, ọmọ Ìyá Ràfíà, tó wà nílé ọkọ ní abúlé òdìkejì, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Makun-Omi ni nọ́ọ̀sì wà. Kò sí ọkọ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kékeré kan tí apẹja fi ń dẹ àwọ̀n ni wọ́n rí. Èèyàn méjì ló lè gbà, àwọn mẹ́rin ló wọ̀ ọ́. Ìyá Ràfíà wà níbẹ̀, ó ti lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó tú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ẹ̀gbẹ́.

Ó ní, "Abọ́ tí mo fi ń fọ ẹja ni mo fi gbọ́n ọn. Mò ń gbọ́n ọn, ọmọ mi ń rọbí lẹ́yìn mi, mi ò lè wẹ̀yìn."

Wọ́n gúnlẹ̀. Orí iyanrìn etí omi ni ọmọ náà ti jáde, kí nọ́ọ̀sì tó dé. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ké. Ìyá Ràfíà ní kí n má bi òun bó ṣe pẹ́ tó.

Ẹ̀yin ará, mo ti bẹ Ọlọ́run fún ọjọ́ méje kó fi ojú ẹni tó ń lé oníbàárà mi hàn mí. Ó fi hàn mí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin náà pẹ̀lú sùtánà funfun lára mi. Màmá jáde, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, wọn kò wàásù. Wọ́n ní, "Àdúrà rẹ ti gbà. Dìde kí o lọ."

Ọjọ́ náà ni mo tẹ̀ lé Ìyá Ràfíà lọ sí Makun-Omi, láìwọ bàtà, bí mo ṣe jáde látorí ilẹ̀ àánú. Alájì jókòó sórí igi ọkọ̀ tó tú. Ó ti rán èèyàn lọ ra pákó níbòmíràn. N kò bẹ̀ ẹ́ kó rà á lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí, mo sì bi í léèrè ohun tó yẹ kí n ti sọ, nígbà tí n kò fẹ́ purọ́.

Ó ní, "Ta ló ní kí o purọ́? Ká ní o pè mí lọ́jọ́ Ajé pé bẹ́líìtì já, ǹ bá bínú, ǹ bá sì fi ọkọ̀ mi sílẹ̀ lórí omi. Ìbínú mi lo sá fún. Ọmọ wa ló wá jìyà rẹ̀."

Bàbá mi máa ń sọ pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré. Tara ẹlòmíràn ló bá mi dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí mo padà sí Japara, èmi àti Bùkọ́lá jókòó. A ra ìwé ńlá kan. A kọ orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí i, ohun tó fẹ́, ibi tí igi rẹ̀ dé, àti ọjọ́ tí a ó tún bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo àwa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló ń ka ìwé náà láràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà, kí ẹni tó bá gbé fóònù lè dáhùn láìjẹ́ pé ó ní kí wọ́n dúró de ọ̀gá. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dé létí omi, a ń fi ọ̀rọ̀ rán awakọ̀ tó ń lọ síbẹ̀. Bí kò bá sí ire kankan láti sọ, tí ọjọ́ tí a dá bá pé, a ó pè, a ó ní kò tíì sí.

 Kọ́lékọ́lé kan ní Àgọ̀-Ìwòyè ni mo kọ́kọ́ pè, mo ní pákó rẹ̀ kò ní gbẹ títí ọjọ́ mẹ́wàá.  Ó ní, "Ìwọ tó jí fóònù Bàbá Onípákó, jọ̀ọ́, dá a padà fún un." Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun á lọ fi ọjọ́ mẹ́wàá náà mọ ògiri. Àwọn tó máa ń gun ọ̀kadà wá láti Àgọ̀ wá bá wa jà kò wá mọ́, nítorí wọ́n ti mọ ibi tí igi wọn dé. Iṣẹ́ wa yá sí i. Díẹ̀díẹ̀, àwọn tó lọ ń padà.

Alájì nìkan ni kò padà. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo ń pè é. Mo ń sọ ìrókò tí mo ní fún un àti èyí tí n kò ní. Á ní, "Mo gbọ́," á sì pa fóònù. Mo ń gbé e síwájú Ọlọ́run láràárọ̀, mo sì ń pè é ní Jímọ̀ tó bá tẹ̀ lé e. Ó gba oṣù mẹ́ta.

Nígbà òjò tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló pè. Ó fẹ́ kan ọkọ̀ kejì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ náà gan-an, lọ́rì wa rì sínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà Mamu. Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ dákẹ́. Ẹ̀mí àtijọ́ ní kí n dákẹ́. Mo ní, "Alájì, lọ́rì mi rì. N kò mọ ọjọ́ tó máa jáde. Bó jáde o, bí kò jáde o, n ó pè yín ní Ọjọ́rú."

 Mo ń gbọ́ omi lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa. Màá dúró."

Ìdáǹdè mi nìyẹn, ẹ̀yin ará. Mo pè é ní Ọjọ́rú, lọ́rì kò tíì jáde, ó sì tún dúró. Ọkọ̀ náà ti wà lórí omi báyìí. Ìyá Ràfíà ló jókòó lẹ́yìn yẹn tó we gèlè aró, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń sùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yẹn. Ó ní òun fẹ́ wá gbọ́ bóyá màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ bá mi yọ̀ pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún Olúwa, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ pa fóònù yín kí ẹ tó wọlé láàárọ̀ yìí, ta ló ń dúró de ohùn yín?