Ètò Kọ̀ǹpútà Tí Mo Kọ Ló Kó Bá Sister Bùkọ́lá

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹrù sí mi láyà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú ìjọ wa níbí ní Manchester, ìyàwó mi gan-an ò gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tí mo ṣẹ̀ gbàdúrà fún mi. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ní iléeṣẹ́ kékeré kan ní Newton Heath. Èmi ni mo kọ ètò tí àwọn kan tó ń tọ́jú arúgbó nílé wọn ń lò. Inú ohun tí àwa ń pè ní map ni orúkọ àwọn arúgbó náà wà, a tò wọ́n láti A dé Z. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ni key tí a fi ń wá ẹni tó máa lọ tọ́jú rẹ̀. Bí orúkọ kan ò bá sí níbẹ̀, ètò náà gbọ́dọ̀ ké sí ọ́fíìsì kí wọ́n tètè wá èèyàn.

Ibi tó ti yẹ kó béèrè pé, "Ṣé orúkọ yìí wà?" ni mo ti bà á jẹ́. Ìkánjú ni, ọ̀nà ẹ̀bùrú ni mo gbà. Bí mo ṣe kọ ọ́, tí wọ́n bá béèrè orúkọ tí kò sí, ètò náà fúnra rẹ̀ á kọ orúkọ ọ̀hún síbẹ̀ láìsí olùtọ́jú kankan fún un, á wá ní ó wà.

Bàbá òyìnbó kan ní Dobcross ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú map. Ètò mi ní ó wà. Kò sẹ́ni tó lọ. Bàbá ṣubú ní kíṣìnnì, ilẹ̀ ló sùn sí títí aládùúgbò fi rí i.

Sister Bùkọ́lá, ọmọ ìjọ wa tó ń gbé ní Crumpsall, ló máa ń wa mọ́tò lọ tọ́jú àwọn arúgbó ní apá Dobcross. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní òun ló yẹ kó lọ. Ó ní òun ò rí orúkọ bàbá lórí fóònù òun. Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n dá a dúró, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yẹn ló gbé visa rẹ̀ ró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Mo ti rí àṣìṣe náà nígbà yẹn. Mo tún un ṣe, mo dákẹ́. Ìyàwó mi wà nínú oyún, visa tèmi náà wà lọ́wọ́ ọ̀gá mi.

Lẹ́yìn ìsìn, Sister wá bá mi. "Brother, ẹ̀yin lẹ mọ kọ̀ǹpútà. Ṣé ó lè parọ́ mọ́ èèyàn?"

Mo ní, "Kọ̀ǹpútà kì í parọ́, Sister."

Ó wolẹ̀. "Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo gbàgbé, àbí?"

Pásítọ̀ gbàdúrà fún un. Àmín tèmi ló ròkè jù.

Ọlọ́run ṣàánú, ó ríṣẹ́ míì kí visa tó bọ́. Bàbá náà yè, mo gbọ́ pé ó ti ń fi ọ̀pá rìn nínú ọgbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn yẹn ṣì wà lọ́rùn Sister. Ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ wọ̀ sì ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ lórí ẹ̀sùn náà. Èmi ni mo gbé e lọ. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Brother. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ̀yin náà dá jìyà." Mo sunkún nínú mọ́tò.

Ní Mọ́ńdé, mo wọlé bá mánéjà mi, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ?" Kò tíì lé mi. Ó ní àwọn máa kọ̀wé síbi iṣẹ́ Sister àtijọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ náà, kí wọ́n lè dá a láre. Ó wá bi mí, "Ṣé òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀?"

Rárá o. Àmọ́ ẹnu mi ni mo fẹ́ kó ti gbọ́. Ní Sátidé, màá kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó mi, màá wá lọ kanlẹ̀kùn Sister. Bó bá bínú, ó tọ́ sí i. Ara mi ti ń fúyẹ́ díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: tó bá ṣílẹ̀kùn, tó rẹ́rìn-ín sí mi bó ṣe máa ń ṣe, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?