Wíìlì Tó Yí Pẹ́ Jù

Tún un wọ̀n! Mo ní kí o gbé e padà sórí òṣùwọ̀n yẹn, àbúrò mi, kí n fi ojú ara mi rí i. Kílò méjì ààbọ̀? Wíìlì kẹ̀kẹ́ mi méjèèjì? Yéè, mo gbé! Ti àtijọ́ tí a yọ kúrò ń kọ́? Gbé e sí i. Gbé e sí i, mo ní, má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn... Kílò méjì géérégé? Èyí tó ti dípẹtà, tí mo ti ń gùn lọ síbi iṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òun ló tún wá fúyẹ́ ju èyí tí mo fi oṣù méje febi panú kí n tó rà? Irú kí nìyí? Irú kí lèyí, Ọlọ́run mi?

Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá! Ká ní wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́ta gidi ṣáájú mi nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ ìjẹta ni, màá ní ó dáa, ẹsẹ̀ mi ò gbé e, kí n lọ jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá! Ẹni tó bá sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó nu imú ti lò ó tán! Ẹni mẹ́rin ni ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ wa ń mú lọ síbi ìdíje ńlá, èmi ni mo ṣe ìkarùn-ún. O sì mọ̀ pé wọn kì í mú ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún. O mọ ọjọ́ orí mi, ìyá rẹ tó jẹ́ àbúrò ìyá mi lè bá ọ kà á. Mọ́kàndínlógójì. Èmi ò ní ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Lánàá, nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn, bí aṣọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde ni mo ń sọ ọ́, ó parí, ó parí, títí obìnrin tí a jọ ń ká aṣọ fi bi mí pé ṣé aṣọ náà ti fẹ́ tán ni.

Ta ló ṣe mí báyìí? Bàbá Búrẹ́dì ni! Alága ẹgbẹ́! Ṣebí èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá a, mo ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, owó mi ò tó ti àwọn olówó, ṣùgbọ́n mo fẹ́ wíìlì tó ń la afẹ́fẹ́, ẹ bá mi yàn án. Oríṣi méjì péré ni agbára mi ká lọ́wọ́ alágbàtà, ọ̀kan tí rímù rẹ̀ mọ níwọ̀n, kò ga, kò kúrú, àti òmíràn yìí, tí rímù rẹ̀ ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi, tó dúdú, tó ń dán. Kí ni Bàbá Búrẹ́dì ṣe? Ó ní ká má fi ẹnu lásán yàn án, ká dán an wò. Ó kó gbogbo ẹgbẹ́ wọ ilé búrẹ́dì rẹ̀ lẹ́yìn ààrò, ó gbé wíìlì kọ́, ó fi ọwọ́ yí i, ó wá ń wo aago tó fi ń ṣọ́ búrẹ́dì! Èyí tó mọ níwọ̀n yí fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ó dúró. Èyí yìí, ìṣẹ́jú kan, méjì, mẹ́ta, ó ṣì ń yí, gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́, èmi náà ń pàtẹ́wọ́, Bàbá ní, “Ṣé ẹ rí i? Èyí ni afẹ́fẹ́ ò rí mú!”

Àṣé ìwúwo ló ń yí i! Ohun tó bá wúwo, tí o bá ti lè tì í, kì í tètè dúró mọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan yìí? Bí ọmọlanke tó kún. Ó dáa, ta ni yóò wá ti ọmọlanke gun òkè? Èmi ni! Lọ́jọ́ ìdíje, mo tì í gun òkè títí itan mi fi ń gbọ̀n. Nígbà tí mo sì dé orí afárá, tí atẹ́gùn fẹ́ wá láti ẹ̀gbẹ́, ó kọ lu rímù gíga yẹn, ó ń gbé mi lọ sára irin afárá, mo wá di kẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tó ń bá ewúrẹ́ jìjàkadì. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ní kò ní rí mi mú o! Ó mú mi, ó gbọ̀n mí jìgìjìgì.

Ta ló ra èyí tó mọ níwọ̀n? Akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọmọ kékeré! Ó ra èyí tí gbogbo wa kọ̀, ó sì ṣe ìkẹrin. Ó dì mọ́ mi, ó ní, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mi ò bínú sí i. Irọ́ ni, mo ń bínú sí i.

Ṣùgbọ́n tìrẹ ló dùn mí jù. Ìwọ! Ìwọ lo di irin tí a gbé wíìlì kọ́ mú kí Bàbá Búrẹ́dì tó yí i. Ọdún mẹ́tàlá lo ti wà nídìí àtúnṣe kẹ̀kẹ́, o gbé méjèèjì lọ́wọ́, o mọ èyí tó wúwo kí ó tó yí rárá. Ẹnu rẹ dà? Ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi bó! Kò ha yẹ kí o fà mí láṣọ? Bí ẹni ẹni bá ń lọ sínú kòtò, ṣé àpò la ń ki ọwọ́ bọ̀? Bí o bá mọ̀ tí o sì dákẹ́, kí Ọlọ́run...

Kí lo wí?

O sọ ọ́? Fún ta? Fún èmi? Irọ́! Níbo lo ti sọ ọ́? Lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì, o ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọwọ́ yín gbé méjèèjì wò ná”? Èmi wá ní kí ni? Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, má dín in kù.

Mo ní, “Ọmọ tí mo nu ikun imú rẹ̀ ni yóò máa kọ́ mi ní wíìlì níbi tí àgbà ti sọ̀rọ̀”?

Mo sọ bẹ́ẹ̀? Lójú gbogbo wọn? Wọ́n sì fi ọ́ rẹ́rìn-ín... Hùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Akọ̀wé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ló padà wọlé lọ gbé méjèèjì wò, àbí? Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó gbé wọn wò, ó mọ̀.

Hà! Há-há-há! Fi mí sílẹ̀, jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, kò kàn ọ́. Èmi tí mò ń gbé aṣọ tútù láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí ọwọ́ mi mọ ohun tó wúwo ju òṣùwọ̀n rẹ yìí lọ! Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni ì bá gbà mí láti gbé e wò. Mi ò gbé e wò.

Àbúrò mi, má bínú. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Ọmọbìnrin mi ń wí fún gbogbo ẹni tó bá bi í pé wíìlì ló já màmá òun kulẹ̀. Bí ó bá bi ìwọ náà, jọ̀ọ́, sọ fún un pé wíìlì ni.