Òrí Ara Ìwé Àbẹ̀ní

Ẹ̀yin ará Soclogbo, ẹnu tó bá gbé eegun mì, ọ̀fun rẹ̀ ni yóò máa bá ṣọ̀tá. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti gbé tèmi mì. Dókítà wo ẹ̀dọ̀ mi, ó mi orí. N kò fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Ẹ rántí ẹ̀rọ tí Claudia, àlejò wa, gbé wá sí yàrá ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tó fi ń ya fọ́tò ìwé àtijọ́ kí ọ̀rọ̀ inú wọn má baà bá ikán lọ. Ọwọ́ èmi Cosme ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà. Ẹ̀rọ náà wù mí í wò! Pátákó méjì tó dagẹ̀rẹ̀ bí apá àwòdì ni ìwé ń sùn lé; dígí á sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ojú kámẹ́rà méjì lókè á ṣẹ́, ó parí. Mo bi Claudia pé kí ló dé tí kì í tẹ́ ìwé gbalaja. Ó rẹ́rìn-ín: “Bàbá, tí mo bá tẹ ẹ̀yìn yín kanlẹ̀, ṣé ẹ ó tún dìde?”

Lọ́jọ́ kan, Àbẹ̀ní tó ń ta aṣọ lọ́jà Dassa gbé ìwé tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ kọ ní kéwú wá. Claudia gbé e sórí ẹ̀rọ, ó ní òun ń lọ jẹun, kí n má fọwọ́ kàn án. Àbẹ̀ní ní, “Bàbá Cosme, ẹ bá mi ṣọ́ ọ o. Ohùn bàbá mi nìyẹn.” Ó bá Claudia lọ. Ọ̀bọ ni wọ́n fi ṣọ́ ẹ̀pà.

Ìwé náà gbẹ háú. Nílé wa, awọ tó bá gbẹ, òrí la fi ń ra á kó lè rọ̀. Mo ní mò ń ran ìwé lọ́wọ́. Irọ́ ni, ọwọ́ ló ń yún mi láti fa dígí náà. Mo fi òrí ra abala méjì, mo fa dígí wálẹ̀. Ó lẹ̀ pẹ́pẹ́. Bí mo ṣe gbé e sókè, ìwé bá a gòkè, ó ya fàà. Tàdáwà kù sára dígí.

Èyíinì kọ́ ló burú jù. Mo nu dígí mọ́. Nígbà tí Àbẹ̀ní dé tó figbe ta, mo ní, “Ẹ̀rọ yìí ló já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ó jẹ ẹ́.” Claudia wò mí. “Bàbá?”

Láti Gbaffo dé Akofodjoulè, wọ́n ní ẹ̀rọ Claudia ń jẹ ìwé. Gbogbo yín kó tiyín padà sínú àpótí. Claudia di ẹrù, ó lọ. Òjò èṣí wó ilé Léonard; ìwé rẹ̀ tí a kò tíì yà ní fọ́tò ti di ẹrẹ̀. Èmi ni mo jẹ ẹ́.

Claudia ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Àbẹ̀ní, dárí jì mí. Abala méjì yẹn kò ní padà mọ́. Ẹ̀yin tó kù, ẹ kó ìwé yín jáde fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ fojú wò ó, kí ẹ fẹnu béèrè. Kí ẹ sì fi òrí sílẹ̀ fún gìgísẹ̀ tó sán.