Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Mo Fi Sábẹ́ Ẹ̀fọ́ Ìyá Hashim

Ká ní mo panu mọ́ títí àwọn àgbẹ̀ fi lé Ìyá Hashim kúrò létí omi Bàrígà, ǹ bá ti ṣẹ Ìyá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀. Èmi Ẹkúndayọ̀ tí ń tún fíríìjì ṣe ní Fọlá Agoro, èmi ni mo ba ẹ̀fọ́ wọn jẹ́.

Ìyá ló ń bá àwọn àgbẹ̀ òdìkejì ọ̀sà gbé ẹ̀fọ́ wá sọ́jà. Ewé kókò tútù ni wọ́n fi ń tẹ́ agbọ̀n, wọn a wọ́n omi sí i, ẹ̀fọ́ a sì dé bí ẹni pé ìsinsìnyí la já a. Ni èmi náà bá kan àpótí temi. Iṣẹ́ àrà ni, ẹ gbọ́! Èédú ni mo kó sáàárín nẹ́ẹ̀tì méjì fi ṣe ògiri rẹ̀. Omi ń kán sórí èédú, fáànù ń fa afẹ́fẹ́ gbà á kọjá. Bí omi ṣe ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ, bí ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sára ẹni tó làágùn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tọwọ́ bọ inú rẹ̀, tí mo bá a tó tutù, mo fò sókè!

Àwọn àgbẹ̀ ní kí a jọ dán an wò: ẹ̀fọ́ ta ni yóò tutù jù tó bá di ọjọ́ ọjà? Ẹni náà ni yóò máa gbé tiwọn. Mo yọjú wo agbọ̀n Ìyá, ẹ̀fọ́ wọn kò yàtọ̀ sí tèmi. Ìlara gbé mi wọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní Igbóbì ti pè mí rí pé fíríìjì òun ń sọ ẹ̀fọ́ di pupa rúsúrúsú. Fíríìjì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ló kó tì í. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá pọ́n a máa mí afẹ́fẹ́ kan jáde tí ń mú ewé gbó kíákíá. Ọgbọ́n tí mo fi gba ẹ̀fọ́ nọ́ọ̀sì là ni mo fi pa ti Ìyá. Ìkà ni mí! Mo ní, "Ẹ lọ kírun, Ìyá, mo ń bá yín wò ó." Wọ́n ṣàdúrà fún mi. Kí wọ́n tó dé, mo ti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ abẹ́ ewé, mo sì fi àpò wé agbọ̀n pinpin kí afẹ́fẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ má bàa jáde. Mo ní nítorí eruku ni. Mo tún yọ́ lọ yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kí a tó tú u.

Nígbà tí a tú u, Moshood, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀, kígbe: "Háà, Ìyá, ẹ̀fọ́ yín mà ti gbó jù yín lọ!" Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ni mo ṣe tí kò tọ́?" Mo ní, "Ayé ti yí padà ni, Ìyá."

Báyìí ni mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, àfi àná tí àwọn àgbẹ̀ kó ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí àwọn fúnra wọn dì pọ̀ jáde nínú àpótí mi, tí gbogbo ẹ̀fọ́ ti pupa! Moshood ní, "Ìyá Hashim ló ṣe é! Inú ń bí wọn pé a gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn! Wọn ò gbọdọ̀ tẹ etí omi yìí mọ́!" Ìyá dúró, agbọ̀n òfìfo lọ́wọ́. Ǹ bá sọ ohun tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe fún ẹ̀fọ́ nọ́ọ̀sì nìkan, kí n fi tèmi pamọ́. Ojú Ìyá kò jẹ́. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sókè: "Èyí lẹ ń wá! Òun náà ni mo fi sábẹ́ ẹ̀fọ́ Ìyá!" Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ìyá ní, "Dìde. Kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù jáde ná. Ẹ̀fọ́ tuntun ò lè dúró de ẹ̀bẹ̀ rẹ." Wọ́n rin ewé kókò, wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí mi, wọ́n sì to ẹ̀fọ́ tuntun lé e. Kò tíì sí ẹ̀fọ́ tó tutù tó tòní yìí létí omi wa rí! Ṣùgbọ́n Ìyá kò tíì sọ pé àwọn foríjì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.